Jíà Tí Ọ̀gá Fẹnu Fẹ́ Dànù

Okitipupa, Ọjọ́bọ̀, oṣù Keje 1996

Ọ̀rọ̀ òní rí mi lára débi pé mi ò lè jẹun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Fúnmiláyọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mi láti Igbodigo, fi gbẹ́ jíà idẹ, kẹ̀kẹ́ eléyín inú ẹ̀rọ, tí kò tó hóró ìrẹsì. Òun ló kọ́kọ́ rí nǹkan ṣe nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ tíńtìntín tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa wọlé, ó bojú wo orí bébà tí jíà náà wà.

“Ṣé ìdọ̀tí yìí lẹ fi ń kọ́ wọn?” Ó fẹnu fẹ́ ẹ dànù, ó bú sẹ́rìn-ín.

Fúnmiláyọ̀ kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ́ ilẹ̀ kiri. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.”

Mo rántí pé ọ̀gá ni yóò buwọ́ lu ìgbéga mi. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà gbójú sókè. Kò wo ọ̀gá rárá. Èmi ló ń wò.