Dókítà Ayọ̀níkẹ́ Akíndélé, Ẹni Tí Ó Ń Wá Ibi Tí Àìsàn Ń Gbà Wọlé

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1950 ni a bí Dókítà Ayọ̀níkẹ́ Akíndélé ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Olóògbé Samuel Adéọpẹ́, káfíńtà tí gbogbo ìlú mọ̀, ni baba wọn. Agbẹ̀bí ni ìyá wọn, Màmá Dúnní.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ girama ní Iléṣà, wọ́n gba ìlú Berlin lọ ní 1970. Wọ́n fi ọdún kan kọ́ èdè Jámánì, wọ́n sì parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní 1978. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́ Onímọ̀-ẹ̀rọ Adébọ̀wálé Akíndélé, tí ń tún ẹ̀rọ agbẹ́rù ṣe ní èbúté Hamburg, wọ́n sì kó lọ bá wọn níbẹ̀.

Láti 1982 títí di 2015, Gesundheitsamt, ọ́fíìsì ìlera ìlú, ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Wọn kì í dúró de aláìsàn. Ibi tí àìsàn ń gbà wọlé ni wọ́n máa ń wá. Wọ́n tún kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò ní ìwé nínú: wọn á kó gbogbo kíláàsì lọ sí abẹ́ ilé, kí wọ́n tọ páìpù omi láti ibi tó ti wọlé títí dé ẹnu ẹ̀rọ.

Ìgbà òtútù 2009 ni iṣẹ́ yìí dé inú ìjọ Aládùúrà tiwa ní Osdorfer Born, àdúgbò kan ní Hamburg. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ mẹ́fà. Èyí tó kéré jù ti wà ní ọsibítù. Dókítà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, bi ìyá kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ọmọ rẹ̀ jẹ àti ohun tó mu, wọ́n sì kọ ọ́ sórí bébà fífẹ̀ kan. Oúnjẹ wọn yàtọ̀ síra. Omi àdúrà nìkan ni gbogbo wọn jọ mu. Kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu gbígbòòrò kan ni omi náà ń gbé fún ọjọ́ méje, a sì ti gbé e sún mọ́ Heizung tó ń mú ilé gbóná, kí omi má baà kó òtútù bá àwọn ọmọ. Ooru ọ̀hún gan-an ni kòkòrò àìsàn fẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bí sí i.

Bí Màmá bá dákẹ́, ọmọ lè kú. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ láìṣọ́ra, ìjọ lè ní wọ́n ń sọ̀rọ̀ òdì. Wọ́n tọ Wòlíì Àlàní, olórí ìjọ wa, lọ. Wòlíì ní, "Dókítà, ṣé omi tí Olúwa bùkún lẹ fẹ́ fẹ̀sùn kàn?"

Màmá dáhùn pé, "Rárá o, Bàbá. Kẹ́ẹ̀gì ni mo wá mú. Ẹ kàn bá mi tọwọ́ bọ inú rẹ̀."

Wòlíì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Wòlíì ní, "Háà! Ẹ dà á nù."

Màmá ní kí Wòlíì kéde rẹ̀ fúnra wọn, torí ẹnu wọn ni ìjọ ń gbọ́. Láti Ọjọ́ Ìsinmi tí Wòlíì kéde rẹ̀, a ń se omi, a ń jẹ́ kó tutù, a ń gbàdúrà sí i, a sì ń mu ún tán lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yè.

Màmá sùn nínú Olúwa ní Hamburg ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2025, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ọkọ wọn, àwọn ọmọ wọn Fadékẹ́mi, Vincent àti Ọpẹ́mipọ̀, àti àwọn ọmọ-ọmọ wọn Elias, Lena àti Anna, ni wọ́n gbẹ̀yìn wọn.

Màmá, ẹ kò jẹ́ kí òbí kankan nínú ìjọ wa sin ọmọ. Ọmọ yín ló ń sin yín lónìí. Ẹ sùn ire, ẹ jí sínú ayọ̀ Olúwa.