Fáìlì Mi àti Iṣẹ́ Ottilie Tó Ṣòfò

Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́, Yàrá Kẹrìnlá,
Halifax, Nova Scotia.
9 Oṣù Kẹta, 2002.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Merrill,

Ẹ má bínú pé mo gbójúgbóyà láti kọ̀wé sí yín, èmi tí n kò fèsì lẹ́tà yín láti oṣù mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún Jocelyn ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé ọmọ ti ń rìn? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ fi èdè Python kọ́ mi bí a ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀dà tuntun rẹ̀ ti gbà wá láyè láti bí ọmọ fún fáìlì inú rẹ̀, ìyẹn ni pé ká ṣe irú fáìlì tuntun láti ara ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà á jogún gbogbo ìṣe bàbá rẹ̀, àfi èyí tí a bá kọ́ ọ láti ṣe lọ́tọ̀. Mo bí ọ̀kan. Mo kọ́ ọ pé ìlà yòówù tí a bá ní kó kọ, kó kọ ọ́ sínú díìsìkì kejì pẹ̀lú. Mo fọ́nnu dé yàrá ìjẹun.

Ottilie Comeau, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ń wọn ìgbóná omi níbi tí a ti ń sin edé. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá àgbà, fi ìyẹn sílẹ̀ jàre! Fáìlì mi á máa ṣe é fún ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tó bá ṣòfò, ìwọ lo máa ki ọwọ́ bọ omi tútù yẹn o!" Láti ọjọ́ náà, inú fáìlì mi ló ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, kò sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀dà mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, díìsìkì àkọ́kọ́ bàjẹ́. A ṣí èkejì, òfo ni. Àṣẹ méjì ló ń kọ nǹkan sínú fáìlì: print ni Ottilie ń lò, write nìkan ni èmi sì kọ́ ọmọ náà. Print kò tilẹ̀ yà sọ́dọ̀ ohun tí mo kọ́ ọ, ọ̀nà bàbá ló gbà lọ tààrà. N kò dán an wò rí. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà parẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn kọ́ ló ń tì mí lójú jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Vessey tó ń darí iṣẹ́ wa bi í lójú gbogbo wa pé, "Ottilie, o ò ṣe ẹ̀dà? Kí lo wá ń ṣe ní gbogbo Fúráìdeè?"

Ó wò mí. Mo ń wo bàtà mi.

"Mi ò ṣe é, mà." Kò dárúkọ mi.

Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ni mo dákẹ́, ti Ottilie ló fẹ́ bá mi dákẹ́. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n máa pinnu bóyá yóò ṣì bá ọkọ̀ ìwádìí lọ sójú òkun nígbà ooru. Mo ti pinnu láti dìde níbẹ̀ kí n jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò, orí "èmi ni" ni mo máa ń dúró sí.

Ẹ bá mi kí Mọ́mì àti gbogbo ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni, pàápàá Jocelyn. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n jọ kàwé; ó lè fóònù láti bẹ̀bẹ̀ fún mi. Ojú gbogbo wa ni wọ́n ti bá Ottilie wí. Ojú gbogbo wa náà ni kí wọ́n ti gbọ́ òótọ́, kó sì jẹ́ láti ẹnu mi.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,
Alden Purdy.