Sí Poongodi, Nítorí Alùpùpù Tó O Ní Kí N Tà

Poongodi, ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ Chennai ò gba gbogbo okun rẹ? Koríko kì í hù lẹ́nu ọ̀nà mekáníìkì. Oníbàárà ń wá, a dúpẹ́.

Fíìmù kan wà tí o gbọ́dọ̀ wò. Bàbá arúgbó kan ló ń tún alùpùpù ṣe nínú yàrá rẹ̀, torí kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ́ńjìnnì ti gba bẹ́ẹ̀dì, àwa èèyàn ẹ jẹ́ ká sùn nílẹ̀." Àwọn aládùúgbò ń bi í pé, "Bàbá, ṣé ọ̀run lẹ fẹ́ sáré lọ ni?" Ó gbé e fún ọmọ kan láti fi díje, alùpùpù sì kú sójú ọ̀nà. Wọ́n ń dá ọmọ tó gùn ún lẹ́bi. Bàbá dìde láàárín èrò, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ló bà á jẹ́." Lọ́dún kejì wọ́n padà wá, wọ́n sì gbégbá orókè.

N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ tí mo wò ó. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi lo oṣù méjì.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọ lábẹ́ níbi ìdíje, o ní ìwọ lo fún un níná jù. Kì í ṣe ìwọ. Ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje ni Ayudha Puja, ọdún tí a fi ń bọ irinṣẹ́. O mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan irinṣẹ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ti gba òdòdó, wọ́n ń sinmi níwájú òrìṣà. Ọ̀sán ni mo rántí pé n kò tíì fún bóòtù kábúrétọ̀ tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo le. Mo fi ìka lásán yí i, mo ní ilẹ̀ á mọ́, màá fi sípánà sí i. Ilẹ̀ mọ́, mo gbàgbé. Nígbà tí a délé ni mo rí i pé bóòtù náà ti já bọ́. O ń sunkún níwájú mi, mo ń bu omi fún ọ mu, mi ò jẹ́wọ́. Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Dárí jì mí.

O kọ̀wé pé kí n tà á, pé o ò gun alùpùpù mọ́ láyé. Mi ò ní tà á. Ìdíje mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn Pongal, ọdún ìkórè wa. Wo fíìmù náà, kí o wá gùn ún. Bí o bá ní mekáníìkì mìíràn lo fẹ́, màá fọ ọwọ́ mi, màá gbé àga síta, màá máa wò yín.

Kí Murugan òrìṣà wa ṣọ́ àlọ rẹ, kó ṣọ́ àbọ̀ rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Chelladurai

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí sétí ìyá rẹ, òun tó ń fojoojúmọ́ gbàdúrà pé kí o fi eré yìí sílẹ̀. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra alùpùpù wá láàárọ̀ yìí, ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló lé e lọ.