Owó Ẹyọ Méjì Tí Mo Tú Ní Ìbàdàn

Ifẹ̀-Ọ̀dàn, nítòsí Èjìgbò,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, 1957.

Olújídé ọmọ mi,

Ta ni o fi àrokò yẹn ránṣẹ́ sí? Òru mẹ́ta rèé tí ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí n sùn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo máa ń kọ èrò ọkàn mi sí, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ.

Mo wá rí i pé mi ò tíì kí ọ. O kú iṣẹ́ olùkọ́ o. Kí Ọlọ́run tó mú mi dé Ìbàdàn, tó sì dá mi padà láìfẹsẹ̀kọ, máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ tìrẹ náà. Àlàáfíà ni a wà nílé. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn, òun náà ló sì ń yọ wá lẹ́nu jù.

Àwọn ará ilé ṣì ń bi mí ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ láìròtẹ́lẹ̀. Oko tí mo dá ní ọ̀nà Ọlà ni mò ń lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, àdá mi wà léjìká, ni Mùkáílà awakọ̀ bá dá ọkọ̀ rẹ̀ tó kún fún iṣu dúró, ó ní ṣé ìjọba ló ní kí n máa fi ẹsẹ̀ wọn ojú ọ̀nà ni, pé àyè kan ṣẹ́ kù níwájú. Mo gòkè. Nígbà tí a dé ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀, mi ò sọ̀ kalẹ̀. Títí di òní, mi ò lè sọ ìdí rẹ̀. Bá mi bẹ onílé rẹ tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí nígbà tó rí mi pẹ̀lú àdá.

Oúnjẹ tí o fi ṣe mí lálejò lálẹ́ ọjọ́ náà ní ilé oúnjẹ àwọn ará Síríà, Ọlọ́run á fi kún àpò rẹ. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, mo sì dúró de òkèlè. Mo rò pé wọ́n ṣì ń gún iyán lẹ́yìnkùlé, mo tilẹ̀ ń fetí sílẹ̀ bóyá mo máa gbọ́ odó. Àfi bí aláṣọ funfun tó ń gbé oúnjẹ fún wa ṣe gbé ọbẹ̀ lọ, tó wá gbé ẹran dé láìsí ọbẹ̀. Ilé tó ní ọbẹ̀, tó ní ẹran, tí kò sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì fojú kanra, mo ṣì ń ronú sí i. Aṣọ funfun kékeré tí wọ́n tẹ́ sí mi nítan, mo rò pé kí n fi di ti ará ilé ni, mo sì fi di búrẹ́dì wá fún ìyá rẹ. Ó jẹ búrẹ́dì náà tán kó tó bi mí pé ṣé olè ni ẹ lọ jà ní Ìbàdàn ni. Ó ti fọ̀ ọ́. Mùkáílà á mú un wá fún ọ.

Ní Sátidé o mú mi lọ sí gbọ̀ngàn iṣẹ́ ọnà tuntun. Mo ti kà nípa irú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, mo sì ti pinnu pé mi ò ní la ẹnu sílẹ̀. Mo rí àwòrán obìnrin tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo kí i pẹ̀lẹ́. Mo rí òyìnbó kan tó dúró síwájú pátákó tí wọ́n kùn ní dúdú lásán, ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń wàásù fún. Mo dúró tì í títí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ti mi orí bẹ́ẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹni tó jókòó tì mí má baà mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọnà tìrẹ kọ́ sí. Àjákù ṣòkòtò kákì tí wọ́n fi òwú búlúù lẹ̀, okùn gígùn kan, èédú kan, àti owó ẹyọ méjì tí o so tí wọ́n kẹ̀yìn síra. Olújídé, ṣòkòtò ilé ìwé Matthias ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn. Ìyá rẹ ló lẹ̀ ẹ́, ojú mi ló ṣe.

Kò sí àgbà ìlú wa tí kò lè ka irú àrokò bẹ́ẹ̀. Owó ẹyọ tó kọjú síra ń sọ pé ìfẹ́ wà. Èyí tó kẹ̀yìn síra ń sọ pé ìjà wà. Okùn ni ọ̀nà tó jìn, èédú ni ọkàn tó ti jó. Mo bi ọ́ pé ta lo fi rán, o ní Bàbá, iṣẹ́ ọnà lásán ni, kì í ṣe ti ẹnì kan, oníkálukú ló máa rí tirẹ̀ níbẹ̀. Mo wá rò ó pé bóyá àṣà òyìnbó ni: ẹni tí kò mọ bó ṣe máa bá ẹni rẹ̀ sọ̀rọ̀ á gbé àrokò kọ́ sára ògiri, kí ẹni tó bá mọ onítọ̀hún tó ń kọjá lọ lè bá a jẹ́ iṣẹ́ náà. Ó bọ́gbọ́n mu lójú mi. Àrokò kì í sì í wà láìrí èsì. Nígbà tí o yíjú sí òyìnbó yẹn, mo tú owó ẹyọ náà, mo tún wọn so, mo mú wọn kọjú síra.

Ariwo tí ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ pa! Ó ní ṣé àká iṣu ni mo rò pé mo wà tí mo fi ń so nǹkan. O bẹ̀ ẹ́, o ní kó má bínú, pé ojú bàbá rẹ kò ríran dáadáa mọ́.

Ojú mi ríran, Olújídé. Mo rí àpò lẹ́tà tó wà lórí tábìlì rẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, sítáǹbù ilẹ̀ Faransé wà lára rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé Matthias ni mo sì rí níbẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi bi ọ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń sọ fún gbogbo ìlú pé ó kẹ̀yìn sí wa lọ sí Àbíjàn. Irọ́ ni. Nígbà tó ní Ọmọpẹ́ ọmọ Yàkúbù aládùúgbò wa lòun máa fẹ́, èmi alàgbà ìjọ ni mo dìde lórí àga, tí mo kẹ̀yìn sí i títí ó fi jáde nílé, nítorí pé onímàle ni wọ́n. Láàárọ̀ gbogbo ni Yàkúbù ń bi mí bóyá àwọn ọmọ wa méjèèjì tó jọ lọ kọ̀wé. Màá ní Ọlọ́run tóbi. Òun náà á ní Ọlọ́run tóbi. Nígbà mìíràn mo máa ń bi ara mi pé, bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ni àwa méjèèjì ń sọ, kí ni mo wá ń bá ọmọ mi jà sí?

Bí wọ́n bá ti dá owó ẹyọ yẹn padà sí bó ṣe wà, mi ò bínú, iṣẹ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n fi àdírẹ́sì Matthias ránṣẹ́ sí mi. Jọ̀wọ́, fi ṣílè méjì sínú lẹ́tà rẹ fún sítáǹbù, nítorí mi ò mọ̀ bóyá àwọn Faransé á gbà kí orí Ọbabìnrin wa wọ ìlú wọn láìsan owó ibodè. Kí o sì kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi, bí wọ́n bá ti bímọ. Mo ti ń gbàdúrà fún wọn láìdárúkọ, bí ẹni tó ń pe èèyàn lójú ọjà láìmọ ẹni tó máa dáhùn.

Ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Ohun tí ẹnu rẹ kò lè sọ fún bàbá rẹ, tí Ọlọ́run fi ọwọ́ rẹ sọ, yóò jẹ́ ọ̀nà ayọ̀ fún ọ. O ò ní bímọ tí wàá kẹ̀yìn sí.

Mò ń gbọ́ ikọ́ Yàkúbù, ó ti ń bọ̀ láti ibi ìrun. Á yà kí mi, á sì bi mí. Lónìí, màá sọ fún un pé èmi ni mo lé wọn. Ilẹ̀ ti mọ́, mo ti pa àtùpà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jeremiah Ògúnbùnmi