Aṣọ Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ fún Àwọn Ẹmọ́ Ilé

Àǹtí mi Rùkáyàt,

Ṣé òtútù Kánádà ò tíì sọ yín di yìnyín? Bùrọ̀dá Tàjùdéèn, ọkọ yín, ńkọ́? Gbogbo wa ní Làsúnwọ̀n wà dáadáa. Orúnkún Mọ́mì ti ń sàn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹmọ́ ilé tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Aṣọ tó nípọn tí ẹ fi ránṣẹ́, tí ẹ ní kí n máa tẹ́ sínú àgò wọn, kí n sì máa fọ̀, wọ́n ń sùn lórí ẹ̀ bí ọba. Àmọ́ ìtọ̀ wọn pọ̀ ju ọ̀sà Ìjẹ̀dé lọ! Lánàá, mo fọ̀ ọ́ tán, mo lọ sá a. Mọ́mì rí omi ọṣẹ tó ṣì ń hó nínú báfù, wọ́n ní kó má ṣòfò, wọ́n bá fọ híjáàbù ìrun wọn sínú ẹ̀. Wọ́n ti fi kírun Àlàásárì kí n tó sọ fún wọn.

"Ìdrís! Ìtọ̀ eku ni mo fi kírun? Kí wọ́n kúrò nílé mi kó tó di Jímọ̀!"

Ariwo yẹn dé Ìgbògbò. Wọ́n tún ìrun náà kí.

Àǹtí mi, èérún pákó ló bá ilé wa mu dípò aṣọ yẹn. Káfíńtà àdúgbò wa ń dà á nù ni. Tó bá ti rin, màá kó o dà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò ní kan báfù ẹnikẹ́ni. Mọ́mì ò gbọ́ tèmi, tiyín ni wọ́n máa gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n kó tó di Jímọ̀.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín lọ́hùn-ún. Ẹ má sọ fún wọn pé èyí abo ti lóyún o.

Àbúrò yín,
Ìdrís