Dúdú Ìyàwó Ààrẹ

Sátidé, ìrọ̀lẹ́. Òjò.

Fúnkẹ́ ọmọ mi tún gbé ọ̀rọ̀ aṣọ dúdú dé. Ó ní bàbá òun ti pé ọdún kan tó ti kú, kí n bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, kí n wọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Mo ní ta ló bí ẹnì kejì?

Tọ́mi ọmọ ẹ̀ mú wa lọ wo ère ààrẹ Amẹ́ríkà kan ní ìgboro ìlú òyìnbó tí wọ́n ń gbé, èyí tó jagun títí ó fi dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Ó ní bí ogun ṣe ń parí lọ ni wọ́n yìnbọn pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó ẹ̀.

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Grandma, black ló ń wọ̀ títí tó fi kú."

Mo wojú Fúnkẹ́. "O gbọ́? Ìyàwó ààrẹ o!"

Tọ́mi ò tíì parí. "Ọmọ ẹ̀ tiẹ̀ mú un lọ sí ilé àwọn wèrè nígbà kan."

Fúnkẹ́ dorí kodò. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wọ dúdú yín."

Mo borí nìyẹn. Kò dùn mọ́ mi, kò sì dùn mí. Ẹkún tí mo ti ń retí láti ọjọ́ tí a sin bàbá wọn, kò tíì wá.