Ẹrẹ̀ Nínú Kànga Epo

Ọjọ́ Àìkú, Òkè-Ìmẹ̀sí.

Orí mi dàrú. Lọ́la ni Káyọ̀dé ọmọ mi ń lọ síbi iṣẹ́ tuntun, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga epo. Àtìgbà tá a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi.

Ó ní bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ ni wọ́n ń da ẹrẹ̀ sí i. Ẹrẹ̀ kẹ̀? Bàbá rẹ̀ gbẹ́ kànga títí, ẹrẹ̀ ló máa ń kó jáde! Ó ní ẹrẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí epo tú jáde lójijì. Ṣebí epo náà ni wọ́n ń wá?

Ẹ̀wà mi jóná níbi tí mo ti ń gbọ́.

Wọ́n á tún ri páìpù irin sínú rẹ̀, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì dí i yíká, wọ́n á wá dá páìpù náà lu kí epo lè wọlé. Kí ló wá dé tí wọ́n fi kọ́kọ́ dí i? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí kànga wó lu bàbá rẹ̀ ní Ìlòrò... n ò ní kọ ọ́.

Mo bi í pé, "Ta ló máa ń wọ inú rẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́, Màámi. Ẹ̀rọ nìkan ni."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Nínú gbogbo àlàyé òní, ìyẹn nìkan ló yé mi.